Bàtà Tíṣà Ọlánípẹ̀kun Lẹ́nu Géètì Aládùúrà

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ iléèwé ìjọ wa, àti gbogbo ẹ̀yin tí a jọ kàwé ní Gírámà Ìtẹ̀síwájú ní Bódìjà, ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó kà á tán kó tó bínú. Èmi Sẹ̀gilọlá Adéṣọlá tí mo ń tẹ̀wé fún ará ìlú ní Dùgbẹ̀, èmi ni mo purọ́ mọ́ Tíṣà Theophilus Ọlánípẹ̀kun lọ́dún 1963. Kì í ṣe pé mo ṣi ẹlòmíràn rí, mo rò pé àwọn ni. Kì í ṣe pé ẹnì kan ti ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo purọ́, mo mọ̀ pé irọ́ ni, ọwọ́ mi sì wà lórí Bíbélì nígbà tí mo ń pa á. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti gbé e pamọ́, tí mo ń kọrin nínú kúáyà yín, tí ẹ ń pè mí ní arábìnrin wa. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ẹ ó jókòó láti yan ọ̀gá fún iléèwé gíga tuntun tí ẹ ń kọ́ sí Mọníyà. Orúkọ Tíṣà wà lára àwọn tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ sì ti fẹ́ yọ wọ́n kúrò nítorí ọ̀rọ̀ tó tẹnu mi jáde. N kò ní í jẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ yẹn bá ọ̀rọ̀ yìí nínú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Géètì-Ti-Tì ni àwa ọmọ iléèwé ń pè wọ́n lẹ́yìn. Bí aago méje bá ti lù báyìí, Tíṣà á ti géètì, wọn á ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọmọ tó bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, ìta ni yóò dúró sí, yóò máa gbọ́ wa bí a ti ń kọrin àárọ̀, bíi pé àwa ti dé ọ̀run tí òun ṣì wà lọ́nà. Jọ́mẹ́tírì ni wọ́n ń kọ́ wa. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá tọ́, wọn á fi yíǹkì pupa kùn ún, wọn á ní, "Tún un ṣe." O tún un ṣe, kò tọ́. "Tún un ṣe." Wọn kì í na ènìyàn, ojú ni wọ́n fi ń nà wá, ojú yẹn sì máa ń ta ju pàṣán lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Tíṣà fúnra wọn ni yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti lọ wo ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Wọ́n bá ọmọ kan tó máa ń pọnmi fún gbogbo ilé kó tó jáde láàárọ̀. Wọ́n jókòó ti bàbá rẹ̀ títí bàbá náà fi gbà pé àwọn àgbà ilé á máa pọn tiwọn fúnra wọn. Wọ́n wá sílé wa náà ní Onírèké. Bàbá mi fẹ́ yọ mí kúrò níwèé kí n lọ kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Ṣálẹ́ńjì. Sátidé mẹ́ta gbáko ni Tíṣà fi wá. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó parí, sà. Ọmọ yìí lẹ́nu." Bàbá mi ní, "Ẹnu ọ̀hún gan-an ni mo ń sá fún, Tíṣà!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, mo sì padà síléèwé ní Mọ́ńdè. Ẹni tí mo ta nù nìyẹn.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kò ju àwo ẹ̀wà kan lọ. Àwọn iléèwé gíga Ìbàdàn fẹ́ ṣe ìdíje àríyànjiyàn, èmi ni wọ́n sì mú ṣe olórí àwọn tí yóò lọ ṣojú wa. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n sórí, mo ti ń yan bí ẹni tó ti gba ife-ẹ̀yẹ bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gé òkúta nínú ẹ̀wà tí Ìyá Ràfátù, ìyá tó ń se oúnjẹ fún wa, bù fún mi. Mo gbé àwo dìde níwájú gbogbo ènìyàn. Mo ní, "Ìyá Ràfátù, ṣé ẹ̀wà lẹ sè ni àbí ẹ lọ ṣa òkúta lójú irin?" Gbogbo ilé ìjẹun bú sẹ́rìn-ín. Ìbá dára ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gùn mí. Mo ní, "Bí ojú bá ti fọ́, ṣebí ilé làá wà!" Ojú ń dun ìyá náà lóòótọ́, gbogbo wa la mọ̀. Wọ́n gbé síbí kalẹ̀, wọ́n fi igun ìró nu ojú. Tíṣà ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Sẹ̀gilọlá, lọ kúnlẹ̀ fún wọn." Mo ní, "Òótọ́ ni mo sọ, sà. Òkúta wà níbẹ̀." Wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Lọ kúnlẹ̀." Mo ní, "Mi ò lọ." Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò lè bẹ ẹni tó ń bọ́ ọ kò ní í ṣojú iléèwé yìí. Àlíù ló ń lọ." Wọ́n gba ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún Àlíù, ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́rú, èmi àti ọ̀rẹ́ mi Olúkẹ́mi ń ti Agbówó bọ̀. Agbówó ìgbà náà, igbó ló pọ̀ ju ilé lọ. A kọjá níwájú ilé àdúrà àwọn Aládùúrà kan, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tí í wọ bàtà wọnú ọgbà wọn. Bàtà pọ̀ lẹ́nu géètì, bàtà kan sì wà láàárín wọn tí kò sí ọmọ Ìtẹ̀síwájú tí kò mọ̀ ọ́n, aláwọ̀ igi, tí wọ́n fi awọ dúdú lẹ̀ ní gìgísẹ̀, tó ń dán bíi dígí. Kẹ̀kẹ́ Tíṣà fara ti ọgbà. Olúkẹ́mi pàtẹ́wọ́. "Yéè! Géètì-Ti-Tì ń ṣe Aládùúrà!" Mo ní, "Rọra, wọn á gbọ́." Ó ní, "Kí wọ́n gbọ́! Ṣé kì í ṣe àwọn ló ń ka ẹ̀kọ́ kejì fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì? Sẹ̀gilọlá, kọ ọ́ sí ìgbìmọ̀. Ìwọ lo lẹ́nu, ìwọ lo mọ̀wé kọ." Òfin yín lọ́dún náà kò gba àwíjàre: tíṣà iléèwé ìjọ tí wọ́n bá rí lọ́dọ̀ Aládùúrà, kò lè dúró ní iléèwé gíga mọ́. Mo kọ ìwé ẹ̀sùn náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì buwọ́ lù ú gàdàgbà, nítorí n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Títí dé ibí yìí, àṣìṣe ni. Mo rí bàtà, mo gbà pé mo mọ ohun tó wà nínú ọgbà. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo dúró sí, n kò ní í máa da yín láàmú lónìí.

Ìwé ìpè yín dé, pé kí n wá jẹ́rìí lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo ní kí n tún lọ wo ibẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má baà bi mí léèrè kí n máa wò bọ̀ọ̀. Lọ́jọ́rú tó ṣáájú, èmi nìkan lọ. Bàtà wà níbẹ̀. Mo bọ́ tèmi náà, mo gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ, mo yọjú. Títílọpẹ́ ni mo rí. Títílọpẹ́ Akínsànyà, ọmọ kíláàsì wa, tí egungun máa ń ro, tí wọ́n ní ó wà nílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ láti oṣù kẹta. Ó jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Tíṣà lóṣòó níwájú rẹ̀, láìwọ bàtà, wọ́n ká ẹnu sòkòtò sókè, wọ́n sì fi igi fa onígun-mẹ́ta sórí iyanrìn. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Kí ló mú igun yìí dọ́gba pẹ̀lú tọ̀hún?" Títílọpẹ́ ní, "Ó ń dùn mí, sà." Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. Igun ńkọ́?" Ọmọ yẹn fi omijé lójú rẹ́rìn-ín, ó sì dáhùn. Wọ́n ní, "Kò burú. Tún un ṣe."

Ọwọ́ kan gbá mi lápá mú lẹ́yìn. Ìyá Títílọpẹ́ ni. "Sẹ̀gilọlá! Ta ló rán ọ wá?" Mo ní, "Kò sí, mà." Ẹ gbọ́ o, obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ, wọ́n kúnlẹ̀ fún mi lórí ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má sọ. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀ pé ibí la wà, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo sọ fún wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ Aládùúrà, wọn á ní mo ti dójú ti àwọn nínú ìjọ, wọn á gbé e kúrò, ibí nìkan ló sì ti ń rí oorun sùn. Tíṣà nìkan ló mọ̀. Wọ́n ti ṣèlérí fún mi pé bó ti wù kó rí, kò ní í tẹnu àwọn jáde. Ọjọ́rú-ọjọ́rú ni wọ́n ń wá kọ́ ọ, kí ìdánwò má baà kọjá rẹ̀." Mo ní, "Mi ò ní í sọ, mà. Ẹ dìde, mà." Ta wá ni bàbá Títílọpẹ́? Alàgbà Akínsànyà, alága ìgbìmọ̀ yín nígbà náà, ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ Tíṣà lọ́jọ́ kejì.

Mo ti máa ń sọ fún ara mi pé àṣírí ìyá yẹn ni mo ń bò. Irọ́ ni! N kò nílò láti tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ: "Bàtà nìkan ni mo rí, sà, n kò mọ ohun tí wọ́n lọ ṣe." Títí mo fi dé Bódìjà ni mo ń fi gbólóhùn náà dánra wò. Mo fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí mo ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì, mo gbọ́ Àlíù tó ń fi ọ̀rọ̀ tí èmi fọwọ́ ara mi kọ dánrawò, àwọn ọmọ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Inú bí mi. Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí, ohun tó ba ayé èèyàn mẹ́ta jẹ́ nìyẹn, àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún Àlíù.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbìmọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Alàgbà Akínsànyà ní, "Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun, ṣé bàtà yín ni ọmọ yìí rí?" Tíṣà ní, "Bàtà mi ni, sà." "Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀?" "Mo ní iṣẹ́ kan tí mò ń ṣe níbẹ̀, sà. N kò lè sọ ọ́." "Ẹ kò lè sọ ọ́ kẹ̀? Ṣé ẹ̀ ń jọ́sìn pẹ̀lú wọn ni?" "Rárá, sà." Ọmọ bíbí inú alága ni Tíṣà ń kọ́, alága ló sì ń ká wọn mọ́ bí olè. Ọ̀kan nínú yín wá bi wọ́n pé, "Ọmọ tó kọ̀wé yìí ńkọ́? Ṣé òpùrọ́ ni?" Ohùn Tíṣà ṣe kedere. "Sẹ̀gilọlá? Ẹnu rẹ̀ burú, sà. Ṣùgbọ́n n kò tíì bá irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ohun tó bá ní òun rí, ẹ gbà pé ó rí i."

Wọ́n pè mí wọlé. Mo gbọ́wọ́ lé Bíbélì. Alàgbà ní, "Kí lo rí?" Mo ní, "Mo rí bàtà wọn, sà." Wọ́n ní, "Bàtà nìkan?" Bí mo bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó parí, gbogbo wa á lọ sílé. Mo wo Tíṣà. Wọ́n ń wò mí bí wọ́n ti í wò wá bí a bá dúró níwájú bọ́ọ̀dù, tí wọ́n mọ̀ pé a mọ ìdáhùn. Mo ní, "Rárá, sà. Mo rí àwọn fúnra wọn. Sùtánà funfun ló wà lọ́rùn wọn, àbẹ́là wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń jó. Wọ́n sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìrìbọmi tiwa kò já mọ́ nǹkan." N kò kólòlò rárá bí mo ti ń sọ ọ́. Tíṣà kò bú mi. Wọn kò pè mí lópùrọ́. Wọ́n ní, "Ó tán, Sẹ̀gilọlá?" Mo ní, "Ó tán, sà." Wọ́n ní, "Jókòó." Kò sí àga kankan níbẹ̀ tí mo lè jókòó lé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti lé wọn kúrò ní Ìtẹ̀síwájú, ẹ fi wọ́n sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn Mọníyà. Tíṣà tuntun dá mi padà sídìí àríyànjiyàn, mo lọ, mo borí, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìdánwò àṣekágbá dé. Èèyàn mẹ́rin péré ló yege nínú ìṣirò ní kíláàsì wa, èmi kò sí níbẹ̀. Títílọpẹ́ kò jókòó sí ìdánwò náà rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Mo ń dá fa onígun-mẹ́ta sórí iyanrìn lọ́jọ́rú-ọjọ́rú. Kò kàn sẹ́ni tó ń sọ pé kí n tún un ṣe mọ́ ni." Èmi ní tèmi, kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo ń dúró lẹ́yìn àwọn tó ń tẹ̀wé ní Dùgbẹ̀, mo ń wo ìka wọn, títí mo fi mọ̀ ọ́n, títí mo fi ní ẹ̀rọ tèmi. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ náà wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá fún mi.

Báyìí ni akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, ṣe gbé ìwé kan wá lóṣù yìí. Ó ní, "Sẹ̀gilọlá, ẹ̀dà mẹ́jọ, tètè bá mi tẹ̀ ẹ́." Àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn ṣe ọ̀gá ní Mọníyà ló wà níbẹ̀. Mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ, n kò tilẹ̀ ro nǹkan kan, àfi bí ojú mi ṣe bá ìlà kẹrin pàdé: "T. Ọlánípẹ̀kun. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó o. Ṣùgbọ́n a rí i nínú sùtánà lọ́dọ̀ Aládùúrà, 1963. Kò yẹ." Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn! Èmi ni mo hun sùtánà yẹn, kò sí òwú kan nínú rẹ̀ tí kò tẹnu mi wá. Èmi náà ni wọ́n tún ní kí n tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́jọ. Àwa tí à ń tẹ̀wé kì í sọ ohun tó wà nínú ìwé oníbàárà síta, n kò sì sọ ọ́ rí. Lónìí mo sọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ fi ìyẹn kún un.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mọníyà lọ́jọ́ kejì. Mo bá Tíṣà nílé, wọ́n ń ṣe máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Wọ́n ti hewú. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Wọ́n ní, "Dìde, aṣọ rẹ á dọ̀tí." Mo ní, "Tíṣà, mo purọ́ mọ́ yín." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀." Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ fi sọ fún wọn pé n kì í purọ́?" Wọ́n bọ́ dígí ojú wọn. "Nítorí pé títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, o kò tíì purọ́ níwájú mi. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ." Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, sà." Wọ́n ní, "Ṣé èmi lo purọ́ fún ni? Èmi mọ òótọ́. Lọ bá àwọn tí o purọ́ fún." Mo ní, "Wọn á lé mi nínú ìjọ, sà." Tíṣà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Wọ́n lé èmi náà. Ṣé o rò pé n kò jẹun láàárọ̀ yìí?" Mo dé ọ̀dọ̀ Títílọpẹ́ àti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn náà. Alàgbà Akínsànyà ti sùn nínú Olúwa lọ́dún tó kọjá. Ìyá Títílọpẹ́ ní, "Kọ orúkọ wa síbẹ̀. Ẹ̀rù ti tó gẹ́ẹ́."

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, èmi ni mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹni tó bá yín ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, ẹ kò lò tó wákàtí kan lórí ẹjọ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú yín tó rin ìrìn Bódìjà sí Agbówó láti lọ fojú ara rẹ̀ wo nǹkan. Mo se irọ́, ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹnu yín mú bíi tèmi, bí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tí ẹ rí, ibi tí ojú yín dé ni kí ẹ dúró sí. Ẹ má fi ìgbésẹ̀ kan kún un nítorí pé inú ń bí yín. Èmi fi ẹyọ kan kún un, ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wá bí n ó ṣe rìn ín padà.

Lọ́jọ́bọ̀, n ó wà lẹ́nu ọ̀nà yín kí ẹ tó dé. Ẹ gbé Bíbélì wá, ẹ bi mí ní ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tọrọ àforíjì, àtọkànwá ni, ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ẹ fún Tíṣà Ọlánípẹ̀kun níṣẹ́ wọn ná, kí àwọn ọmọ Mọníyà má tún pàdánù wọn bí a ti pàdánù wọn. Bí ẹ bá ti ṣe ìyẹn tán, ẹ wá lé mi, ẹ wá bú mi, ẹ wá yọ mí nínú kúáyà. N kò sá. Dùgbẹ̀ ni mo wà, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.